Àwọn Àga Tí Ṣẹ́ẹ̀fù Gbé Kọ́ Sókè

Nígbà tí bàbá àgbà mi kú ní Agbónú, ìlú wa lẹ́bàá Atakpamé, kò sí ohun kan tí a ní láti rà. Pákó pósí rẹ̀ ti wà lábẹ́ ibùsùn, ó ti fá a, ó sì ti fi òróró pa á. Aṣọ funfun tí a ó fi wé e wà nínú àpótí pẹ̀lú káfúrà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò dé ibẹ̀. Sìmẹ́ńtì ibojì wà nínú àgbá kan tó dé pinpin, ọdọọdún ló sì ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ó má baà dì. Àní ìṣáná àti àbẹ́là wà nínú agolo bisikíìtì kan, ó ti lẹ ìwé mọ́ agolo náà lára pé: "Fún ọjọ́ náà."

Gbogbo Agbónú ló yìn ín. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń sọ ọ́ láàrin ara wọn pé Ṣẹ́ẹ̀fù mọ bí a ṣe ń tọ́jú ọjọ́ iwájú, pé kò fi ara rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lára títí ó fi lọ. Òótọ́ ni. Kò ni ẹnikẹ́ni lára. Èmi ni mo ń bu omi fún wọn mu, inú sì ń bí mi débi pé mo da omi sí ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ nípa bàbá yìí sílẹ̀ kí ìyìn yẹn má baà bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣẹ́ẹ̀fù kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe ọ̀gá nìyẹn. Ó ti ṣe olórí fún ọkùnrin mẹ́sàn-án tó ń tọ́jú ojú irin láti ibùdókọ̀ Agbónú dé ìhà Anié. Wọ́n ń gé koríko, wọ́n ń yọ igi tó ti jẹrà lábẹ́ irin, wọ́n ń fi tuntun sí i. Kódà lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé. Bó bá ń lọ sí ọjà, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn bákan náà, bí ẹni pé igi ojú irin ṣì wà nílẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Èmi ọmọdé ní láti sáré kí n tó lè bá a rìn. Bí mo bá ní kó rọra, á ní, "Ọ̀nà ni kó o wò, má wo ẹsẹ̀ mi."

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló bí mi. Ọkùnrin mẹ́ta ló bí ṣáájú ìyá mi: Fofo Kómlá tó wà ní Lomé, àti àwọn méjì tó lọ wá iṣẹ́ sí Abijáǹ. Fofo ni à ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lọ́dọ̀ wa, bí ìyá mi sì ṣe ń pè é ni èmi náà ń pè é. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Anié. Nígbà tí ìyá àgbà kú, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1970, ìyá mi kó mi àti ẹrù mi sínú ọkọ̀ ojú irin, ó ní kí n lọ máa bá bàbá òun gbé, kí ilé má baà dá pa á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ọdún mẹ́wàá ni mo lò níbẹ̀.

Yàrá kan wà nínú ilé náà tí a kì í wọ̀. Ibẹ̀ ni ẹrù rẹtirẹ́ẹ̀tì wà. Rẹtirẹ́ẹ̀tì ni gbogbo òṣìṣẹ́ ojú irin ń pe ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n lẹ́nu bàbá àgbà ó dà bí orúkọ ìlú kan tó ń lọ. Láti ìgbà tó ti wà ní géńdé ló ti ń ra nǹkan sínú yàrá yẹn: ibùsùn onírin, fìtílà elépo tuntun, kúbùsù méjì, àwo tánńganran, bàtà aláwọ kan tí kò tíì kan ilẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ní kí ó jẹ́ kí àwọn lo fìtílà tuntun, pé ti àtijọ́ ń rú èéfín, á ní, "Ti rẹtirẹ́ẹ̀tì ni." Bó bá ní kí wọ́n gbé ibùsùn onírin jáde kí ẹ̀yìn àwọn sinmi, ti rẹtirẹ́ẹ̀tì ni. Aláwàdà ni ìyá àgbà. Ó máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Èmi kọ́ ni ìyáálé nílé yìí o. Rẹtirẹ́ẹ̀tì ni ìyáálé, ìyàwó ni èmi."

Ó kú ní ọdún kan kí ọkọ rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì, lórí ẹní, nínú èéfín fìtílà àtijọ́. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tí mo dé, ibùsùn onírin náà ṣì wà nínú yàrá yẹn, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Bàbá àgbà kò sùn lórí rẹ̀ rí títí ó fi kú. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹni méjì ni mo rà á fún."

Èmi náà ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ìfipamọ́ rẹ̀. Bí mo bá rí máńgòrò méjì he, á ní kí n jẹ ọ̀kan, kí n fi ọ̀kan pamọ́ fún ọ̀la. Èyí tí mo fi pamọ́ á sì jẹrà. Lọ́jọ́ kan mo gbé èyí tó ti rà náà síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, omi rẹ̀ ń ṣàn sórí tábìlì. Ó wò ó dáadáa, ó tilẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó wá ní, "Èyí tó ti pọ́n lo fi pamọ́, o sì jẹ èyí tí kò tíì pọ́n. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Irọ́ kékeré kan ló da ètò bàbá àgbà fúnra rẹ̀ rú. Nígbà tó ń wá iṣẹ́ ojú irin, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọn kì í sì í gba ọmọdé. Kò sí ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ohun tí o bá sọ ni akọ̀wé ń kọ, pé wọ́n bí ọ ní nǹkan bí ọdún báyìí báyìí. Bàbá àgbà ní ẹ̀gbọ́n kan tó ti kú ní kékeré, tó fi ọdún márùn-ún jù ú lọ. Ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n yẹn ló sọ fún akọ̀wé, wọ́n sì gbà á síṣẹ́. Ó máa ń fi ìtàn yìí pa àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín, pé òkú ló bá òun wá iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló fi ń ka ọdún, kì í ṣe ìwé. Ọdún tí ó máa kọ́ ilé tán, ọdún tí igi rẹ̀ máa tó gé, ọjọ́ orí tirẹ̀ gan-an ló fi ṣètò gbogbo rẹ̀. Ó gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń dàgbà lọ nínú ìwé ní Lomé. Mo wà nílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Wọ́n ní ó ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Nínú ìṣirò tirẹ̀, ó ṣì ku ọdún márùn-ún. Kò sì lè bá ẹnikẹ́ni jà, torí bó bá ní òun kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, á ní láti jẹ́wọ́ pé òun purọ́. Ó fún ẹni tó tẹ̀lé e ní òòlù rẹ̀, ó rìn wálé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wáyé lẹ́yìn ìgbà yẹn, gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ: "Irọ́ tí mo bá wọlé ni mo bá jáde."

Igi tí mo mẹ́nu kàn yẹn, tẹ́ẹ̀kì ni. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Atakpamé kọjá ti rí i: igi gígùn, ewé rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Àwa ọmọdé máa ń fi ewé tútù rẹ̀ ra ọwọ́ títí ọwọ́ á fi pọ́n bíi ti ẹni tó pa ẹran. Lọ́dọ̀ wa, òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́n kì í gbójú lé owó ìfẹ̀yìntì nìkan, ó máa ń gbin tẹ́ẹ̀kì. Igi náà kì í tọrọ oúnjẹ, ikán kì í sì í jẹ ẹ́. Bí o bá gé e ní kékeré, òpó àtíbàbà lásán ni. Bí o bá fi í sílẹ̀ di ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀, ó di pákó tí àwọn ará Lomé ń fi ọkọ̀ ńlá wá kó. Bàbá àgbà gbin tirẹ̀ sí oko bàbá rẹ̀, lórí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn Agbónú, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin bàbá náà. Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Mísà, á mú mi lọ síbẹ̀. Á fi ìka kan igi kọ̀ọ̀kan, á tẹ́tí sí i, bó ṣe máa ń fi òòlù kan irin nígbà iṣẹ́. N kò mọ ohun tó ń gbọ́. Ní ọdún tí lẹ́tà náà dé, mo bi í pé ìgbà wo la máa gé wọn. Ó ní, "Wọn ò tíì mọ̀ pé mo ti wálé."

Ọdún márùn-ún yẹn le. Owó ìfẹ̀yìntì tó ń lọ gbà ní Atakpamé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta kò tó nǹkan, ilé kò sì tíì parí. A jẹ gàrí. A jẹ àkàsà pẹ̀lú ata àti iyọ̀. Àwọn tó ń ra òpó wá, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó lé wọn. Mo mọ̀ pé ebi ń pa á, torí bí mo bá fẹ́ bu oúnjẹ fún un lálẹ́, á ní òun ti jẹ àjẹyó lóko. Èmi ni mo sì di oúnjẹ oko náà fún un láàárọ̀, mo mọ bó ṣe mọ.

Ní ọdún kejì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, Fofo Kómlá dé láti Lomé. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan níbẹ̀. Ó gbé àpò ìrẹsì kan wá, agolo tòmátì mẹ́fà, àti owó tó dì sínú ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Bàbá àgbà wo àpò náà kó tó wo ọmọ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé ebi ń pa mí?"

"Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, Papa. Mo kàn ní kí n má wá lọ́wọ́ òfo."

"Ṣé mo ránṣẹ́ sí ọ?"

"Ẹ ò ránṣẹ́ sí mi."

"Gbé e padà nígbà náà. Ìyàwó rẹ ń bẹ ní Lomé, àwọn ọmọ rẹ ń bẹ níbẹ̀. Mi ò tíì di ẹni tí wọ́n ń bọ́."

Fofo Kómlá rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ó tọ́ka sí mi. "Papa, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí rí ìrẹsì jẹ." Ojú tì mí, torí láti ìgbà tó ti wọlé ni mo ti ń wo àwọn agolo tòmátì náà.

"Ọmọ yìí ń jẹun."

"Ẹ gé igi díẹ̀, kí ẹ ta òpó. Igi tó wà lórí òkè yẹn, ta lẹ ń tọ́jú rẹ̀ dè?"

Bàbá àgbà dìde. Ó gbé àpò ìrẹsì náà sórí fúnra rẹ̀, ó gbé e dé ibùdókọ̀ pẹ̀lú ìṣísẹ̀ rẹ̀ tí kì í yí padà, Fofo Kómlá ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n bá wí nílé ìwé. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, Fofo Kómlá yọ orí sójú fèrèsé, ó ní, "Papa, mi ò lè máa wá lọ́wọ́ òfo." Bàbá àgbà ní, "Mi ò ní kó o má wá." Ọdún mẹ́wàá kọjá, Fofo Kómlá kò padà wá.

Ẹni tí kò mọ ìlú wa lè bi mí pé kí ló dé tí kò kàn wá bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó ti ń gba owó oṣù kò gbọ́dọ̀ yọ sí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ì báà ṣe ọṣẹ kan tàbí búrẹ́dì kan, nǹkan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà sì rí i. Ẹni tó wá lọ́wọ́ òfo, èébú ló gbé wá fún bàbá rẹ̀. Bàbá àgbà sì ti ní òun kò ní gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Kò lé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti dí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wá, n kò sì rò pé ó mọ̀.

Ìyá mi ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ ra ọjà ní Lomé, èmi á lọ dúró ní ibùdókọ̀. Ọkọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀. Á na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, á fún mi ní ọṣẹ, iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ, á ní, "Sọ pé ọjà lo ti rà á." Á fọwọ́ kan orí mi, á bi mí pé, "Papa ńkọ́?" Ilé wa kò jìnnà síbẹ̀, ènìyàn lè rí òrùlé rẹ̀ láti ojú fèrèsé yẹn, mo sì máa ń rí i tó ń wò ó títí ọkọ̀ á fi gbéra. Bí mo bá fi ẹja náà sọ́bẹ̀, bàbá àgbà á jẹ ẹ́, á wá ní, "Ṣé ara ìyá rẹ le?" Èmi á ní ó le.

Ìgbà kan ṣoṣo ló sọ ìdí tí kì í fi í gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ fún mi. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. A wà lábẹ́ igi tẹ́ẹ̀kì, a ń gbá ewé gbígbẹ kúrò kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má baà rí nǹkan jẹ. Mo sọ fún un láìfi bò pé àpò ìrẹsì tó dá padà yẹn ì bá ti ṣe wá lóore. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó jókòó sílẹ̀.

Ó ní nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òun ṣe Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá òyìnbó kan wá wo iṣẹ́ ní ibùdókọ̀. Ibi tí wọ́n dúró sí ni bàbá òun ti yọ láti ọ̀nà oko, láìwọ bàtà, pẹ̀lú aṣọ oko, ó ru apẹ̀rẹ̀. Ojú tì í. Ó rò pé bàbá náà wá tọrọ owó. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ kan lọ sọ fún un pé Ṣẹ́ẹ̀fù ti lọ sí ìhà Anié, òun fúnra rẹ̀ sì wọ yàrá irinṣẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń wo bàbá rẹ̀ láti ojú ihò pákó. Bàbá náà jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ojú irin láti òwúrọ̀ títí òrùn fi yí. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá irinṣẹ́, ó lọ.

"Kí ló wà nínú apẹ̀rẹ̀?" ni mo bi í.

"Iṣu tuntun. Ó ti tò ó dáadáa, ó fi ewé bò ó."

Bàbá náà kú nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà ní òun gbin igi wọ̀nyí kí ọmọ òun kankan má baà fara pa mọ́ fún òun láé. Mo fẹ́ sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kò tọrọ nǹkan kan, pé ńṣe ló gbé nǹkan wá, bí Fofo Kómlá ṣe gbé ìrẹsì wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, ó sì ti dìde, ó ti ń gbá ewé lọ. Mo ṣì ń bínú sí ara mi nítorí ẹnu tí n kò yà lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, àwọn tó ń ra gẹdú wá láti Lomé. Kí ó tó ta ẹyọ kan fún wọn, ó ya igi méjì sọ́tọ̀, ó ránṣẹ́ pe Kòfí, káfíńtà kan láti Atakpamé, ó ní kó ṣe àga mẹ́rin fún òun, àga tó ní apá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Kòfí fi ṣiṣẹ́ ní àgbàlá wa, gbogbo ilé ń rùn bí awọ tuntun. Nígbà tó parí, bàbá àgbà jókòó díẹ̀ lórí ìkọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ó ń mì, ó sì fi okùn gbé wọn kọ́ sí igi àjà. Bí àlejò bá dé, orí bẹ́ǹṣì àtijọ́ ló ń jókòó. Mo ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ àga kan kalẹ̀ fún wọn." Ó ní wọ́n ní ẹni tó ni wọ́n. Lẹ́yìn tí àlejò lọ, ó ka wọ́n fún mi: Kómlá, àwọn méjì tó wà ní Abijáǹ, ìyá rẹ.

"Tèmi ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè. "Ìwọ wà níhìn-ín."

Lọ́jọ́ Sátidé á gun àpótí, á fi aṣọ nu àwọn àga náà. Kì í jẹ́ kí n bá òun nù wọ́n. Mo bi í bóyá ó ti ránṣẹ́ pe àwọn tó ni wọ́n. Ó ní, "Wọn kì í pe ọmọ wá sílé bàbá rẹ̀."

Ó yẹ kí inú wa dùn ní àwọn ọdún yẹn. Ilé gba páànù tuntun, ilẹ̀ gba sìmẹ́ńtì, ó ra rédíò, a ń jẹ ẹran lọ́jọ́ Àìkú. Ó gbé bàtà rẹtirẹ́ẹ̀tì jáde láti wọ̀ lọ sí Mísà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú ju bàtà lọ, ó fi ọ̀bẹ la ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣètò fún ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ á gbé àga aláṣọ rẹ̀ síta, á kọjú sí ibùdókọ̀. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè tó sì dúró, á ka àwọn tó sọ̀kalẹ̀.

"Ènìyàn mẹ́jọ," ni á wí.

"Àwọn wo ni?"

"Àwọn ẹlòmíràn."

Èmi ni mo ń kọ lẹ́tà fún ìdajì àdúgbò. Mo kọ ọ̀kan sí Fofo Kómlá láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo ní Papa ti ń dàgbà, kó jọ̀wọ́ wá wò ó. Dípò kó wá, owó ló fi ránṣẹ́ gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Bàbá àgbà wọ aṣọ Mísà rẹ̀, ó lọ dá a padà ní Atakpamé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún ó bi mí pé, "Ṣé o sọ fún un pé ebi ń pa mí ni?" Mo ní rárá, pé mo kàn ní kó wá ni. Ó ní, "Má pè é mọ́. Bó bá jẹ́ pé o pè é ló fi wá, mi ò ní mọ̀ bóyá ó wù ú láti wá."

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, mo lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Lomé. Ó sìn mí dé ibùdókọ̀. Mo ṣèlérí pé gbogbo Kérésì ni n ó máa wá. Ní Kérésì àkọ́kọ́ mo wá, mo ra búrẹ́dì àti sádìnì. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ìwọ náà?" Ó gbà á torí pé èmi ni, ó gbé e sórí tábìlì, kò sì fọwọ́ kàn án títí mo fi lọ. Ní Kérésì kejì, n kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Mo ní kí n dúró di ìgbà tí n ó rí nǹkan gbé dání. Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, mo sì dúró.

Ó kú kí Kérésì kẹta tó dé. Obìnrin kan tó ń pọn omi ló rí i láàárọ̀ lórí àga aláṣọ rẹ̀, ó kọjú sí ibùdókọ̀.

Gbogbo wọn wá. Àwọn méjì ti Abijáǹ wá. Ìyá mi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì rìn wọ ilé bàbá rẹ̀. Fofo Kómlá gba ọkọ̀ ẹrù kan láti Lomé, ó kó àpò ìrẹsì mẹ́ta sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ní kó gbé e padà.

Àga kò tó. Ẹnìkan gbójú sókè, ó ní ẹ wo àwọn àga lórí àjà. Kòfí káfíńtà, tó wá bá wa kan pósí, gun àpótí, ó ń tú okùn, ó ń sọ wọ́n kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ń sọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti Abijáǹ jókòó. Ìyá mi jókòó, ó gbé ọwọ́ lé apá àga rẹ̀ méjèèjì, ó sì wo ìta láti ibẹ̀ lọ dé ibùdókọ̀. Fofo Kómlá di ẹ̀yìn tirẹ̀ mú, kò lè jókòó.

"Kò sọ fún mi," ló ní.

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni," ni mo ní.

Kòfí kò tíì sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Ó ku ọ̀kan o."

Mo ní mẹ́rin ni wọ́n, pé ìṣojú mi ló ti ṣe wọ́n.

"Márùn-ún ni," Kòfí ní. "Ó ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn Kérésì tó kọjá pé kí n ṣe ọ̀kan sí i. Mo bi í pé ta ló fẹ́ jókòó lórí rẹ̀. Ó ní ẹni tó wà níhìn-ín tẹ́lẹ̀ ni."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀ fún mi. Mo fọwọ́ ra á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí eruku kankan lára rẹ̀.